Olikóyè Ransome-Kútì: Dókítà tó ní kí ìlera ọmọdé kúrò ní Èkó, kó dé abúlé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín sókè, kẹ́ ẹ wo apá òsì yín, lókè níbi tó sún mọ́ èjìká. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí àpá kékeré kan níbẹ̀, róbótó báyìí. Ọ̀pọ̀ wa ni ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Àpá abẹ́rẹ́ BCG ni, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ikọ́ fée. Wọ́n gún un fún wa nígbà tí a ò tíì lè gbé orí wa dúró. Ìyá wa ló gbé wa lọ, a sunkún, a sì gbàgbé.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe àjọyọ̀ àpá yẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi àwọn ìyá àgbà ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye tó dàgbà, iye méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Orúkọ wa gan-an ń jẹ́rìí sí i: Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, Bánjókòó. Òbí tó ti sin ọmọ méjì mẹ́ta ló ń sọ ọmọ nírú orúkọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, tẹ́ ẹ bá wo ìwé orúkọ kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi kan, ó ṣọ̀wọ́n kẹ́ ẹ tó rí Málọmọ́ níbẹ̀.

Kí ló yí padà? Nǹkan pọ̀, èèyàn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká dárúkọ ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo, ẹni tí mo máa dárúkọ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera láti 1985 dé 1992. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ mọ àbúrò ẹ̀ ju òun lọ, torí pé Fẹlá ni àbúrò ẹ̀. Orin Fẹlá ṣì ń dún nínú ọkọ̀ àti ní ilé ijó. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ò dún bẹ́ẹ̀, ara ọmọ ló wà.

Ilé tó ti jáde wá

Ọjọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927 ni wọ́n bí Olikóyè, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ Ẹ̀gbá ni bàbá ẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, àmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ló wà nígbà yẹn, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé gírámà. Ní 1932, bàbá náà padà sí Abẹ́òkúta láti di ọ̀gá Abeokuta Grammar School. Òun náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà, NUT.

Ìyá ẹ̀, Fúnmiláyọ̀, kò nílò àlàyé púpọ̀. Òun ló kó àwọn obìnrin ọjà Abẹ́òkúta jọ nígbà tí owó orí ń ni wọ́n lára, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sì lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin Aláké. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 1949, Aláké ti fi ìlú sílẹ̀.

Ọmọ mẹ́rin ni àwọn méjèèjì bí. Dolupo ni àkọ́bí, obìnrin ni. Olikóyè ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mọ́kànlá ni Fẹlá dé, ní 1938, Beko sì tẹ̀ lé e ní 1940. Ẹni tó bá ti ka Aké, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe ẹ̀, á ti pàdé ìdílé yìí níbẹ̀, torí ìbátan ni wọ́n. Ilé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde ni, ilé tí ẹ̀kọ́ ti le, tí wọn kì í sì í bẹ̀rù aláṣẹ. Nínú ọmọkùnrin mẹ́ta tó jáde níbẹ̀, méjì di dókítà, ọ̀kan di olórin. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ìjọba pàdé, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà wọn ò papọ̀.

Olikóyè ka ìwé ní Abeokuta Grammar School lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, ó sì lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College, ní ìlú Dublin, lórílẹ̀-èdè Ireland. Ó parí ní 1954. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Èkó, ó tún lọ sí London, ó ṣiṣẹ́ ní Great Ormond Street, ilé ìwòsàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọmọdé, àti ní Hammersmith. Ibẹ̀ ni ì bá ti jókòó jẹ́ẹ́. Ní 1967, ó wà ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn ní Yunifásítì Èkó. Ní 1970, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì di olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọdé.

Ohun tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì

Ká ní ẹ wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ilé ìwòsàn ńlá Nàìjíríà nígbà náà, kì í ṣe àìsàn àràmàǹdà lẹ máa bá níbẹ̀. Ibà ni, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi, òtútù àyà, ikọ́ líle. Ọmọ tí oúnjẹ ò tó, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, tí irun ẹ̀ pọ́n, èyí tí wọ́n ń pè ní kwáṣiókọ̀. Ọmọ tuntun tí tẹ́tánọ̀ọ̀sì mú torí pé abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ẹ̀ ò mọ́. Ọmọ tí rọparọsẹ̀ ti bà lẹ́sẹ̀ jẹ́.

Èyí tó tún burú ni ti ọmọ tí gìrì mú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àgbo kan tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù ṣe, tí wọ́n fi ewé tábà, ẹfinrin, ááyù àti nǹkan mìíràn sí. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn àti Èkó yẹ àgbo yìí wò, wọ́n rí i pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ gan-an. Gìrì tí ì bá lọ fúnra ẹ̀ tí ibà bá rọlẹ̀, ọmọ á dákú sí i, á sì máa bá a lọ dé ojú ikú. Ìyá tó fún un ní àgbo ò fẹ́ pa á o. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ohun tó wà nítòsí ló lò, torí ilé ìwòsàn jìnnà.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà yìí gan-an ni Olikóyè gbé lé orí. Gbogbo àìsàn tó kún orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló ṣeé dènà tàbí kí wọ́n tètè wò ó nílé, kó tó di ọ̀ràn wọ́ọ̀dù. Dókítà lè wo ọmọ sàn lọ́sẹ̀ yìí, kí ọmọ náà padà sílé sí omi kan náà, oúnjẹ kan náà, kó sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú owó ìlera ló ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro, nígbà tí púpọ̀ nínú ọmọ ń bẹ lábúlé.

Nítorí náà, ní òpópónà Gbàjà ní Sùúrùlérè, Èkó, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lo ilé ìtọ́jú kan láti dán nǹkan wò. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti yẹ ọmọ wò, kí wọ́n mọ àìsàn tó wọ́pọ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ìlànà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ láti fún un ní oògùn, láì dúró de dókítà. Èyí tó bá le jù ni wọ́n ń tì sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibi kan náà ni wọ́n ti ń wọn ọmọ, tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́, tí wọ́n sì ti ń bá ìyá sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ẹ rántí pé ṣáájú ìgbà yẹn, láàárín 1956 sí 1961, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ti ṣe irú ẹ̀ ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Káàdì tí wọ́n ń ya ìlà ìdàgbàsókè ọmọ sí, tí àwọn ìyá ń fi ọ̀rá wé pamọ́ sábẹ́ àpótí, iṣẹ́ Morley ní ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kó tó tàn ká ayé.

Olikóyè náà ń ṣe ìwádìí. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Norman Kretchmer láti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mìíràn, wo ọ̀rọ̀ wàrà màálù. Wọ́n fún àwọn èèyàn láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ní ṣúgà tó wà nínú wàrà, lactose, wọ́n sì wo bóyá inú wọn lè lò ó. Wọ́n rí i pé inú ọmọ Yorùbá kékeré ń lò ó dáadáa, àmọ́ bó bá ti ń kúrò lẹ́nu ọmú, agbára yẹn ń lọ sílẹ̀, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àgbàlagbà Yorùbá tó ṣì ní i. Àwọn Fúlàní darandaran, ọ̀pọ̀ wọn ló ní i títí di ogbó. Ní 1975, wọ́n tẹ ìwádìí tó fi hàn pé inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ló ti ń wá. Torí náà, ẹ̀yin tí inú yín máa ń rú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mu ife mílíìkì kan, kì í ṣe ayé ló ń bá yín jà. Wàrà dídì tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri ní Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn kì í sábà ṣe wá bẹ́ẹ̀, torí omi tí wọ́n sẹ́ kúrò lára ẹ̀ ló kó ọ̀pọ̀ ṣúgà náà lọ. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún dókítà ọmọdé ni pé èèyàn ò kàn lè kó ìmọ̀ràn oúnjẹ wá láti ilẹ̀ òyìnbó, kó máa fi bọ́ ọmọ ibí láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Fúnmiláyọ̀ wọ ìjọba ológun

Oṣù Kẹjọ 1985 ni Ibrahim Babangida gbàjọba. Ó pe Olikóyè kó wá ṣe mínísítà ìlera. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú ilé wọn.

Ní oṣù Kejì 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá wọn, arúgbó tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní oṣù Kẹrin 1978, ìyá náà kú. Ní 1984, ìjọba ológun mìíràn ju Fẹlá sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1985, wọ́n ti Beko mọ́lé torí ìyanṣẹ́lódì àwọn dókítà. Àgbà àwọn ọmọkùnrin ilé yẹn ni wọ́n wá ní kó jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun.

Ó jókòó. Àwọn kan ò dárí jì í. Àwọn mìíràn sọ pé tí onímọ̀ bá kọ̀ ọ́, aláìmọ̀ ló máa dé ipò náà. Ìjọba kan náà tú Fẹlá sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1986, àmọ́ nígbà tó di 1992, tí ẹ̀gbọ́n ṣì jẹ́ mínísítà, ìjọba náà tún gbé Beko, ó sì wà látìmọ́lé torí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ̀gbọ́n ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ti àbúrò mọ́lé. Kò yẹ ká bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé a fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ohun tó fi ipò yẹn ṣe la lè gbé lé òṣùwọ̀n, kálukú á sì sọ tiẹ̀.

Abẹ́rẹ́ wọ abúlé

Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní abúlé lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé nígbà yẹn. Ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, ó sì lókìkí. Ṣùgbọ́n kí ìyá yìí tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ rí owó ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ oko tàbí ọjọ́ ọjà kan sílẹ̀, kó sì fi àwọn ọmọ yòókù lé ẹnì kan lọ́wọ́. Tí ara ọmọ bá ti le, kò ní í lọ. Ara líle ọmọ náà gan-an ló sì yẹ kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí.

Ní 1978, àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Alma-Ata, ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ìgbà náà, wọ́n fẹnu kò pé ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìjọba fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé e sí dúrọ́ọ̀. Olikóyè mú un jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ní 1986, wọ́n fi ìjọba ìbílẹ̀ 52 bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ní 1988, orílẹ̀-èdè yìí ní ìlànà ìlera tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó pín iṣẹ́ sí mẹ́ta: ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa bójú tó ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ìpínlẹ̀ ni yóò máa bójú tó ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà, ìjọba àpapọ̀ yóò sì mójú tó àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Tẹ́ ẹ bá rí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní Fìdítì, ní Awẹ́, tàbí ní àdúgbò yín, ètò yẹn ló fi gbogbo wọn sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Àjẹsára ni wọ́n fi ṣíwájú. Àìsàn mẹ́fà ni wọ́n dojú kọ: ikọ́ fée, rọparọsẹ̀, èéyi, ikọ́ líle, tẹ́tánọ̀ọ̀sì àti diphtheria. Ìjọba ti dán ètò náà wò ní Ọ̀wọ̀ ní 1984 kó tó di mínísítà. Òun ló wá tì í kárí ilẹ̀.

Èèyàn lè rò pé abẹ́rẹ́ lásán ni. Rárá o. Oògùn àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde títí dé ara ọmọ. Tí iná bá lọ lójú ọ̀nà, tí yìnyín bá yọ́ nínú kúlà, oògùn náà á ti bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò sì lè fi mọ̀. Nọ́ọ̀sì á gún un, ọmọ á sunkún, ìyá á rò pé ó ti bọ́, nígbà tí kò sóhun tó wọ ara ọmọ. Torí náà, fíríìjì, kẹrosíìnì, ọkọ̀, kúlà àti ẹni tó ń wo òṣùwọ̀n láràárọ̀ ló ń jẹ́ àjẹsára. Wọ́n tún nílò akéde, ìmáàmù, pásítọ̀, ìyálọ́jà àti baálẹ̀, torí ìyá tí kò bá gbà ò ní í gbé ọmọ ẹ̀ jáde.

Wọ́n tún kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè fi omi mímọ́, iyọ̀ àti ṣúgà ṣe omi fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru. Ìgbẹ́ gbuuru fúnra ẹ̀ kọ́ ló sábà ń pa ọmọ. Omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ẹ̀ ló ń pa á. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ìyá kan gbà tẹ́lẹ̀ ni pé kí wọ́n má fún un lómi kí ìgbẹ́ lè dá, èyí sì ni òdì pátápátá. Lóde òní, ORS inú ọ̀rá àti oògùn zinc ni kẹ́ ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tàbí lọ́dọ̀ olóògùn.

Ti ọmú náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbà yẹn, àwọn tó ń ta mílíìkì agolo ti wọ wọ́ọ̀dù ìbímọ. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á gba agolo ọ̀fẹ́, á fún ọmọ, ọmú á gbẹ, agolo ọ̀fẹ́ á tán, á wá máa la mílíìkì kékeré mọ́ omi púpọ̀ tí kò mọ́. Ní 1990, òfin jáde láti dá irú ọjà títà bẹ́ẹ̀ lẹ́kun. Ọdún kan náà ni òfin tó de sìgá mímu láwọn ibi tí èèyàn ń pé jọ sí jáde.

Àwọn tí inú wọn ò dùn

Àwọn dókítà ẹgbẹ́ ẹ̀ wà lára wọn. Láti 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, ti dé, náírà já wálẹ̀, owó oṣù dókítà ò tó nǹkan mọ́, wọ́n sì ń wọ bàlúù lọ sí Saudi Arabia, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe tiyín ní jápa, ẹ ò kọ́kọ́ ṣe é. Àwọn tó kù ní ilé ìwòsàn ńlá ń wò ó pé ẹ̀rọ ti bà jẹ́, oògùn ò sí, mínísítà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n bíi tiwọn sì ń sọ̀rọ̀ abúlé. Ọ̀rọ̀ wọn ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ọmọ tí òtútù àyà ẹ̀ ti le nílò ọ́ksíjìn, kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ò tó nǹkan méjèèjì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yan èwo ló máa ṣíwájú, ó sì yan ọmọ tí kò tíì ṣàìsàn.

Òótọ́ mìíràn wà tí kò dùn. Ní 1990, ìjọba kéde pé wọ́n ti dé ibi tí ayé ń lé, ìyẹn ọmọ 80 nínú 100. Wọ́n fún Olikóyè ní ẹ̀bùn Maurice Pate ti UNICEF lọ́dún náà, lẹ́yìn ẹ̀bùn Léon Bernard tó gbà ní 1986. Àmọ́ ìwádìí ojúlé-dé-ojúlé tí wọ́n ṣe ní 1990 bá ọmọ 30 nínú 100 tó ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ. Ẹni tó gba ọ̀kan tàbí méjì pọ̀ ju ẹni tó gba tán lọ. Iye orí ìwé ọ́fíìsì àti iye inú ilé ò bára mu, a ò sì tíì bọ́ nínú irú ẹ̀ títí dòní. Síbẹ̀, ẹ fi 30 yẹn sọ́kàn. A máa padà sí i.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́

Iṣẹ́ ẹ̀ ò parí sórí ọmọ ọwọ́. Ní 1986, Nàìjíríà kéde ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tó ní àrùn AIDS. Ọmọbìnrin ọdún 13 ni. Ọmọdé ṣì ni. Lákòókò tí ọ̀pọ̀ ìjọba Áfíríkà ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, Olikóyè ń sọ ọ́ ní gbangba, ó ń dárúkọ kọ́ńdọ̀ọ̀mù níbi tí àwọn àgbà ti ń bojú.

Ní 1988, ìlànà lórí iye èèyàn jáde: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan, kí wọ́n sì dín fífi ọmọbìnrin fọ́kọ kó tó pé ọdún 18 kù. Àwọn èèyàn pariwo. Wọ́n ní kí ló kan ìjọba nínú yàrá wa, wọ́n tún béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ń ka ọmọ sí lọ́rùn, tí ọkùnrin ń fẹ́ ìyàwó mẹ́rin. Ìbéèrè kejì yẹn mọ́gbọ́n dání. Ní 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu kọ orin méjì pọ̀, Wait for Me àti Choices, láti fi gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn lórí ìfẹ́ àti ọmọ bíbí. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà ń bá wọn kọ ọ́ láì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlera ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé ilé ẹ̀. Ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, 1997, Fẹlá kú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ò gbà pé AIDS wà, Fẹlá fúnra ẹ̀ ò gbà. Ìdílé lè sọ pé ọkàn ló dáwọ́ dúró, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, Olikóyè jáde síwájú àwọn oníròyìn, ó sọ pé àrùn AIDS ló fa ikú àbúrò òun. Ó dun àwọn kan nínú àwọn olólùfẹ́ Fẹlá, wọ́n ní ó tú àṣírí ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ó ṣòro fún ọmọ ìgboro kan láti sọ pé òun ò mọ ẹnì kankan tó ní in. Gbogbo wọn ló mọ Fẹlá.

Lẹ́yìn tó lọ

Olikóyè kúrò nípò ní 1992. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá àjọ tó ń rí sí ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2003, ó kú ní London, lẹ́ni ọdún 75.

Ẹ rántí 30 tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Lọ́dún tó kú yẹn, ìwádìí kan náà fi hàn pé ọmọ 13 péré nínú 100 ló gba gbogbo abẹ́rẹ́ wọn. Fíríìjì ti kú, kẹrosíìnì ti tán, àwọn tó tẹ̀ lé e ò di okùn náà mú. Ọdún 2003 náà ni àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya kọ oògùn rọparọsẹ̀, tí kòkòrò náà sì ti Nàìjíríà ràn dé orílẹ̀-èdè mìíràn. Ó gbà wá títí di oṣù Kẹjọ 2020 kí wọ́n tó kéde pé rọparọsẹ̀ inú ìgbẹ́ ti kúrò ní Áfíríkà. Ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yìí. Iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ọdún méje kọ́ lè wó láàárín ọdún mẹ́wàá, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú wíwó yẹn ò sì ní í mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ká má sọ pé kò sí ìtẹ̀síwájú. Nígbà tó di mínísítà, nǹkan bí ọmọ kan nínú márùn-ún ló ń kú kó tó pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà. Ní 2018, ó ti wá sí 132 nínú 1,000. Ó ṣì pọ̀ jù. Láti 2023, wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ HPV fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, láti dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ní 2015, Chimamanda Ngozi Adichie kọ ìtàn àròsọ kan, ó sì fi orúkọ mínísítà yìí, Olikoye, ṣe àkọlé ẹ̀. Ìtàn nípa àjẹsára àti ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ ọkùnrin náà ni. Ọmọ Ìgbò ló kọ ọ́. Ó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá náà mọ̀ ọ́n.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí ti ń di òbí báyìí. Tẹ́ ẹ bá bímọ ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ẹ gba káàdì ọmọ yín, kẹ́ ẹ gbé e lọ nígbà tí wọ́n bá bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin náà lè gbé ọmọ lọ, kì í ṣe èèwọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín, tí wọ́n ní kò sí oògùn tàbí fíríìjì ti bà jẹ́, ẹ má kàn yí padà sílé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsẹ́lọ̀ yín àti alága ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àwọn ni ìlànà 1988 gbé e lé lọ́wọ́.